Kí Ló Dé Tí Epìyà Mi Ń Yé Ẹyin Kó Tó Tóbi?

Ìbéèrè: "Mo ní pọ́ǹdù kan ní Ọ̀bàntókò, níbí ní Abẹ́òkúta, mítà 15 ní 20. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo kó ọmọ epìyà 1,500 sínú rẹ̀. Títí di òní, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju ìka mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń yé ẹyin, omi sì ti kún fún ọmọ wẹ́wẹ́. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Alábàtà ní kò burú, ó ní ẹ̀dá tó bá tètè bímọ ló ń borí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ẹranko kì í tètè bímọ? Kí ni erin ń dúró dè? Àbí ẹni tó ta ọmọ ẹja fún mi ló gbé ẹ̀yà burúkú lé mi lọ́wọ́?"

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹni tó ta ẹja kúrò nínú ẹjọ́ yìí ná, nítorí ó ṣeé ṣe kó má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹja yín kò tètè bàlágà. Oṣù márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọdé fún epìyà. Nínú pọ́ǹdù tí oúnjẹ àti àyè bá wà, irú èyí tí a ń sìn jù, tí wọ́n ń pè ní epìyà odò Náílì, máa ń bàlágà ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà tó bá ti wọn gíráàmù 150 sí 200. Nínú àwọn adágún ńlá ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹja yìí kan náà máa ń dúró di oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, á ti tó gíráàmù 350 sí 500 kó tó yé. Nínú pọ́ǹdù tó há, ó lè yé nígbà tí kò tíì wọn gíráàmù 20. Ohun tí ẹ ń rí yẹn kéré ni, kì í ṣe ọmọdé. Àgbà tí kò ráyè dàgbà ni.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín náà kì í ṣe irọ́, àbọ̀ òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ẹ̀yà ẹja kan ń yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù mẹ́fà, tí abo 4 nínú ọmọ rẹ̀ sì yè. Ẹ̀yà kejì dúró di oṣù méjìlá, abo 10 ló yè nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó yóò ní 10 ju 4 lọ. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, àwọn 4 ti àkọ́kọ́ náà ti yé, olúkúlùkù ti fi 4 sílẹ̀, ó di 16. Ẹni tó dúró gbọ́dọ̀ fi 16 sílẹ̀ kó tó bá a dọ́gba. LaMont Cole, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìṣirò yìí jáde lọ́dún 1954, ó sì rú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú: bí ìkánjú bá lérè tó báyìí, kí ni igi àti ẹranko tó ń pẹ́ láyé ń pẹ́ ṣe? Ọdún 1973 ni Charnov àti Schaffer tó wá tú u. Ìṣirò Cole kò ka ikú sí. Ó ṣe é bí ẹni pé ọmọ kì í kú, àgbà kì í kú.

Ikú ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ikú lápapọ̀ o, bí kò ṣe ta ni ikú ń pa jù, ọmọ tàbí àgbà.

Ẹ mú ìyá ẹja 10. Bí wọ́n bá yé nísinsìnyí tí wọ́n ṣì kéré, ká ní olúkúlùkù yé 100, àpapọ̀ jẹ́ 1,000. Bí wọ́n bá dúró kí ara wọn tóbi, ká ní olúkúlùkù á yé 400, nítorí bí ara ẹja bá ṣe tó ni ẹyin inú rẹ̀ ń tó. (Epìyà gíráàmù 100 máa ń yé bíi 100 sí 150 lẹ́ẹ̀kan, èyí tó wọn gíráàmù 600 sí kílò kan lè yé 1,000 sí 1,500.) Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dé ọjọ́ náà. Bí 2 péré bá yè, ẹyin 800 la rí, ìdúró ti di àdánù. Bí 5 bá yè, 2,000 ni, ìkánjú ló wá di àdánù. Ààlà rẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Níbi tí àwọn àgbà tó ń yè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni tó tètè yé ni yóò kún inú omi. Níbi tí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ onísùúrù ni. Ìran lẹ́yìn ìran, àbùdá ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ ni yóò máa gbilẹ̀. Kò sí ẹja kankan tó jókòó ṣe ìpinnu.

A ti rí i lójúkojú. Ní erékùṣù Trinidad, ẹja kékeré kan wà tó ń jẹ́ guppy, tí kò ju oríkèé ìka lọ. Lápá ìsàlẹ̀ odò, ẹja apẹranjẹ ńlá kan ń gbé àwọn tó ti dàgbà mì. Lókè odò, lẹ́yìn ìtàkìtì omi, apẹranjẹ tó wà níbẹ̀ kéré, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń mú jù. Lọ́dún 1976, John Endler kó guppy láti ibi tí ikú àgbà ti pọ̀, ó dà wọ́n sí apá odò Aripo kan tí apẹranjẹ ńlá yẹn kò sí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, tó jẹ́ ìran 30 sí 60 fún guppy, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ti ń pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà, wọ́n ń tóbi sí i kí wọ́n tó bí, ọmọ tí wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan dín kù, ṣùgbọ́n ọmọ náà tóbi sí i. David Reznick, Bryga àti Endler ló kọ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1990. Ohun tó mú mi gba iṣẹ́ yẹn gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọn kò wo ẹja inú odò nìkan. Wọ́n sin wọ́n fún ìran méjì nínú omi kan náà, pẹ̀lú oúnjẹ kan náà, ìyàtọ̀ náà kò sì lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní ẹnu láti sọ pé ó ti wọ inú ìran. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa lò ó fún pọ́ǹdù yín.

Ní ti erin, abo rẹ̀ kì í sábà bí àkọ́bí kó tó pé ọdún mẹ́wàá, oyún rẹ̀ sì ń gbà tó oṣù 22. Ìwọ̀n ìgbà tí erin bá ti dàgbà tán, ẹranko tó lè pa á kò tó nǹkan, yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì nílò ìyá tó tóbi, tó lómi ọyàn, tó mọ ibi tí omi wà lásìkò ọ̀dá. Bí erin kékeré bá bí, ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ kú. Eku ilé, tí ológbò, ejò àti ọmọ aráyé ń lé kiri, ń bàlágà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ń fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóyún. Bí eku bá ní òun fẹ́ ṣe bí erin, ìran rẹ̀ parẹ́ nìyẹn.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti rìn jìnnà dé ọ̀dọ̀ erin. Ìgbín tí wọ́n ń tà ní Lafẹ́ńwá àti Kútọ̀ tó fún ẹ̀kọ́. Ìgbín ńlá ilẹ̀ wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata kì í yé ju 4 sí 18 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹyin kọ̀ọ̀kan sì gùn tó mìlímítà 17, ó fẹ̀ tó 12. Bí ẹ bá hú u jáde nínú ilẹ̀ rírọ̀, ó dà bí ẹyin ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ìyeyè fẹ́rẹ́fẹ́. Ìbátan rẹ̀, Achatina fulica, tí ìkarahun rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, lè yé láti 10 dé 400, ẹyin náà kò sì ju mìlímítà márùn-ún lọ. Ọmọ ti àkọ́kọ́ ti ní ìkarahun tó nípọn díẹ̀ àti oúnjẹ lára láti inú ẹyin. Ọmọ ti èkejì jáde bí eruku, àwọn èèrà á sì dá lára wọn. Fulica lè bàlágà ní oṣù márùn-ún bí ibùgbé rẹ̀ bá dára. Marginata máa ń sún mọ́ ọdún kan. Fulica gba orílẹ̀-èdè tó pọ̀ kọjá Áfíríkà, ó di kòkòrò oko tí wọ́n ń fi owó ìjọba lé. Marginata kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni oníbàárà ń sanwó gidi lé. Nítorí náà, ẹni tó ń sin ìgbín tó wá ń gbóríyìn fún èyí tó bá yé jù, kó ṣọ́ra.

Ìdí tí ẹ̀dá kan kò fi lè ní méjèèjì, kó tètè bí kó sì tún pẹ́, ni pé oúnjẹ tí ara ti sọ di ẹyin kò lè padà di egungun mọ́, bí owó tí a ti fi ra aṣọ kò ṣe ṣeé fi ra ìrẹsì. Epìyà burú jù níbi èyí, nítorí abo rẹ̀ ń kó ẹyin sẹ́nu. Láti ìgbà tó bá ti kó o sẹ́nu títí ọmọ á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́, bí ọjọ́ 10 sí 14, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kó tó kó òmíràn, nítorí ó lè yé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà wo ni yóò wá tóbi? Ìdí nìyẹn tí akọ fi ń tóbi jù ú lọ.

Owó náà tún ń jẹ́ sísan lọ́jọ́ alẹ́. George Williams ló là á lọ́dún 1957 pé àbùdá tó bá ran ẹ̀dá lọ́wọ́ nígbà èwe lè gbilẹ̀, kódà bó bá ń pa á lára nígbà ogbó, nítorí àwọn tó ń dé ogbó kò pọ̀. Michael Rose wá dán an wò lára àwọn eṣinṣin kéékèèké tó ń yí èso jíjẹrà ká. Ó ń gba ẹyin lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ti darúgbó nìkan, ìran lẹ́yìn ìran. Nínú àbájáde tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1984, àwọn ọmọ wọn ń pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n ẹyin tí wọ́n ń yé nígbà èwe dín kù. Àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ mọ ọ̀nà kan láti yí èyí po: wọ́n ń gé òdòdó àkọ́kọ́ kúrò lórí ọ̀pẹ kékeré títí yóò fi tó bí ọdún méjì, kí gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ lè kọ́kọ́ lágbára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi kan ń so. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi rọ́pò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí pọ́ǹdù. Ohun méjì ló lè mú epìyà yé ní kékeré, wọ́n sì jọra lójú. Èkíní ni ibùgbé: ẹja tí ara rẹ̀ mọ̀ pé ìdàgbà ti dúró yóò kó ìwọ̀nba tó ní sórí ẹyin, torí ìdúró kò ní í mú èrè wá. Bí ẹ bá gbé e lọ síbi tó láyè, yóò tún máa tóbi. Èkejì ni ìran: bàbá àti ìyá wọn ti jẹ́ ẹ̀yà tó ń yé ní kékeré, ibikíbi tí ẹ bá gbé e sí kò ní í yí padà. Mítà 15 ní 20 jẹ́ 300 níbùú-lóròó. Ẹja 1,500 túmọ̀ sí márùn-ún lórí mítà kan. Ìyẹn ti pọ̀ díẹ̀ fún pọ́ǹdù ilẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, àmọ́ kò tíì burú. Ohun tó bà á jẹ́ ni ìdajì wọn tó jẹ́ abo. Ká ní 750 yé 50 péré, ó di 37,500. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bá yè, ẹnu 3,750 ló kún 1,500 yẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òmíràn. Fíìdì tí ẹ ń dà kò yí padà, ẹnu ló pọ̀. Lójú tèmi, ibùgbé ni ẹjọ́ yín wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ ṣe ohun tí Reznick ṣe, ní kékeré. Ẹ ta àgọ́ àwọ̀n méjì sínú pọ́ǹdù kan náà, mítà méjì ní méjì. Ẹ kó ọmọ wẹ́wẹ́ 12 láti inú ẹja yín sí ọ̀kan, kí ẹ ra 12 tí ìwọ̀n wọn bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba láti ibòmíràn sí èkejì. Fíìdì kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi òṣùwọ̀n wọn gbogbo wọn. Láti gíráàmù 20 lọ, ẹ máa yẹ ẹnu àwọn abo wò: ẹ rọra mú un nínú àwọ̀n, ẹ dorí rẹ̀ kodò lórí abọ́ omi, ẹ fi ìka kékeré la ẹnu rẹ̀, bí ẹyin bá wà, yóò yí jáde, aláwọ̀ ìyeyè, bí ọkà bàbà. Bí àwọn tiyín bá ń yé ní gíráàmù 30 nígbà tí àwọn tó kù ń dúró di 150 sí 200, ìran ni. Bí àwọn méjèèjì bá tóbi bákan náà, pọ́ǹdù ni. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń fi ẹja àgbà inú pọ́ǹdù tó há ṣe ìdánwò yìí. Ẹja tó ti ràn kì í fi bẹ́ẹ̀ tún ara ṣe. Ọmọ wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò. Àní pẹ̀lú ìyẹn, ìyá tí ebi pa máa ń yé ẹyin tí kò lóúnjẹ nínú, nítorí náà ìran kejì ló ń sọ òótọ́ pátápátá.

Ẹ má ṣe tún ọmọ ẹja mìíràn dà lé èyí tó wà nílẹ̀ o. Ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ pátápátá, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn sá ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi sán, kí ẹ wọ́n láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun yẹn, sí gbogbo ibi tó bá ṣì tutù, torí ìkòkò omi kékeré kan tó ṣẹ́kù lè gba ọmọ epìyà ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹja 2 sí 3 lórí mítà kan ti tó, kí wọ́n sì jẹ́ akọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti fi oògùn sọ di akọ níbi tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń po họ́mọ́ònù mìlígíráàmù 60 mọ́ kílò fíìdì kan, wọ́n sì ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ó dán wò nílé. Tàbí kí ẹ fọwọ́ ṣa wọ́n nígbà tí wọ́n bá ti tó gíráàmù 25. Ẹ dojú ikùn ẹja sókè nínú ọwọ́ tó tutù, kí ẹ fi òwú kan GV díẹ̀, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò yẹn, sí ẹ̀yìn ihò ìdí rẹ̀. Lórí ẹran kékeré tó yọ síbẹ̀, akọ ní ihò kan. Abo ní méjì, èyí tí ẹyin ń gbà jáde sì là ní ìbú. Ẹni tó bá ń kánjú á ṣi ọ̀kan mú nínú mẹ́wàá, abo díẹ̀ yẹn sì tó láti da gbogbo iṣẹ́ rú. Nítorí náà, ẹ fi àrọ̀ ṣọ́ wọn: bí ọ̀kan fún epìyà mẹ́wàá, lẹ́yìn tí epìyà bá ti wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àrọ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré sí epìyà nígbà tí ẹ bá ń kó o sílẹ̀. Bó bá tóbi jù ú lọ, ẹja tí ẹ fowó rà ni yóò jẹ, kì í ṣe ọmọ wẹ́wẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí kò tíì kàn yín, tó sì máa kàn yín bí ẹ bá ń mú ìyá ẹja láti inú pọ́ǹdù ara yín. Bí oníbàárà bá dé, èyí tó tóbi ló ń tọ́ka sí. Èyí tó kù sílẹ̀, tí kò ráyè tóbi torí ó tètè ń yé, ni yóò wá di ìyá ìran tó ń bọ̀. Ẹ ti di apẹranjẹ ìsàlẹ̀ odò nìyẹn. Ohun kan náà la ń fi àgbò ṣe: kí Iléyá tó dé, èyí tó ga jù, tó yára sanra jù, ti lọ, aláìlera ló kù láti gun àwọn abo. Lọ́dún 1992, Kánádà ti ìpẹja kọ́ọ̀dù pa lẹ́bàá Newfoundland nígbà tí ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bàlágà ní kékeré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó pe oníbàárà kankan, nígbà tí ọjọ́ orí gbogbo ẹja bá ṣì dọ́gba, ẹ ti yan èyí tí ẹ ó fi ṣe ìyá sọ́tọ̀: abo tó tóbi jù tí kò tíì lẹ́yin lẹ́nu, àti akọ tó yára dàgbà, kí wọ́n má dín ní abo 25 àti akọ 25, kí ìbátan má baà máa gun ìbátan.

Pẹ̀lú bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó rọ̀ yín lọ́rùn jù ni kí ẹ fa pọ́ǹdù gbẹ ní oṣù kejì, nígbà tí oòrùn mú tí ilẹ̀ sì ń tètè sán, kí ẹ gba omi tuntun bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, kí ẹ sì kó ẹja jáde kí oṣù kẹwàá tó parí. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò àgọ́ àwọ̀n yẹn báyìí kí ẹ tó fa omi, àbájáde rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ẹja.